Yíyọ Èyí Tí Kò Bàjẹ́

"Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló pé, àbúrò. Ohùn ẹ̀ nìkan ni ò pé." Ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣakí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó sì dá mi lójú pé wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Èmi ni mi ò rí i gbé kúrò lọ́kàn. Pẹ́dà gìtá ni mo gbé dání lọ́jọ́ náà, àpótí irin kékeré tí onígìtá máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kí ohùn gìtá ha. Ọ̀gá so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo ta okùn, ohùn jáde, wọ́n yára pa á. "Ó ti ya," ni wọ́n wí. Wọ́n tú ìdí rẹ̀, wọ́n gbé mítà, wọ́n wọn resísítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn dáyóòdù, wọ́n yẹ ojú lẹ́ẹ̀dì gbogbo wò bóyá èyí tó sán wà nínú wọn. Kò sí. Nígbà náà ni wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n sọ gbólóhùn yẹn.

N kò gbé e lọ fún àtúnṣe. Kapásítọ̀ kan ni mo bá lọ, irú èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára, tó kún inú agolo gbogbo ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Mo fẹ́ yọ èyí tó wà nínú pẹ́dà náà, tí wọ́n kọ 473 sí, kí n fi 104 rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá bi mí bóyá 473 náà ti kú. Mo ní kò kú, sà. "Èyí tó dáa la fẹ́ yọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ṣa 104 kan fún mi láti inú agolo, wọn ò sì gba owó. Wọ́n ní àwọn kì í gbowó lórí iṣẹ́ tí àwọn ò ní lè mọ̀ bóyá ó ti tán.

Ibẹ̀ gan-an ló ti mú mi. Iṣẹ́ àtúnṣe ní ẹlẹ́rìí. Rédíò tó dákẹ́ ti sọ̀rọ̀ rí, gbogbo ilé ló sì mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó dákẹ́. Bí ọ̀gá bá tún un ṣe tán, olówó rẹ̀ á yí bọ́tìnì, á gbọ́ ohùn tó mọ̀, á sanwó, ìjà tán. Ẹni tó ń yọ èyí tí kò bàjẹ́ kò ní àná kankan tó fẹ́ padà sí. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ṣakí kì í ṣe ìlú tí a ti ń pa òwe yìí lásán. Iṣẹ́ irin ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹni tó ń kọjá lọ lè má mọ ohun tó wà lọ́kàn alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ọkọ́ tàbí àdá ni yóò ti ibẹ̀ jáde, oko ni yóò sì dá a lẹ́jọ́. Èmi náà ń lu ojú kan. Kí ni mo fẹ́ fà yọ, ta ni yóò sì dá a lẹ́jọ́?

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àlọ́, ohun tí kapásítọ̀ náà ń ṣe níbẹ̀ nìyí. Pẹ́dà mi jẹ́ ẹ̀dà irú èyí tí ilé iṣẹ́ Ibanez gbé jáde ní Jàpáànù ní òpin àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní Tube Screamer, tí Susumu Tamura ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Bátìrì onífóòtì 9 ló ń lò. Ohùn gìtá á wọlé bí ìgbì tó ń lọ sókè sódò, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á gbé ìgbì náà ga, dáyóòdù méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn á sì máa gé orí rẹ̀ bó bá ti fẹ́ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbì tí wọ́n gé lórí máa ń bí àwọn ohùn wẹ́wẹ́ mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí. Àwọn ọmọ ohùn wọ̀nyí ni etí ń gbọ́ tó fi ń ní ohùn ti ha. Kapásítọ̀ 473 pẹ̀lú resísítọ̀ kan tó jẹ́ 4,700 ohm ló ń pààlà. Ohùn tó bá ń gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 720 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé ga tí wọ́n ń gé lórí jù. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ààlà náà, díẹ̀ ló ń rí gbà níbẹ̀. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá, bí ìgbà 82 péré ló ń gbọ̀n. Bí 104 bá rọ́pò 473, ààlà náà á sọ̀kalẹ̀ wá sí nǹkan bí 340, ohùn á sanra, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Mo kọ́ gbogbo èyí nílé, lórí tábìlì ìjẹun, láti inú àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ tú irú pẹ́dà yìí tó sì fi sùúrù to ọ̀nà tí iná ń gbà sórí ìwé, àgbà ni, ibi yòówù kó máa gbé. Mo kọ́ bí a ṣe ń ka ìlà ara resísítọ̀: yẹ́lò, àwọ̀ àlùkò, pupa, 4,700 nìyẹn. Mo kọ́ pé ẹsẹ̀ kapásítọ̀ àti ojú bọ́ọ̀dù ni à ń fi iná yá, pé lẹ́ẹ̀dì á fúnra rẹ̀ ṣàn lọ síbi tó bá gbóná, pé ojú lẹ́ẹ̀dì tó bá ń dán ló jinná, èyí tó bá ṣú lè máa purọ́. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ á dúró, àfi bí mo bá fẹ́ ṣe bí àwọn ọ̀gá àtijọ́ tó ń ki àyọ́ọ̀nù bọ inú èédú. Ìyẹn tún ní èrè tirẹ̀, nítorí bátìrì ni pẹ́dà ń lò: bí àyọ́ọ̀nù bá tutù, mo lè jókòó ti gìtá kí n máa fetí sílẹ̀.

Fífetí sílẹ̀ yìí ló wá nira jù. Ọwọ́ ń kọ́ kíákíá. Etí ń gbàgbé. Bí mo bá fi 473 ta orin kan, tí mo wá tú u, tí mo fi 104 sí i, kí n tó tún gbé gìtá, etí mi ti gbàgbé ohùn àkọ́kọ́, ìfẹ́ ohun tuntun á sì sọ fún mi pé èyí ló dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi swíìṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, 473 lápá kan, 104 lápá kejì, kí n lè máa yí láti èyí sí èyí láàárín orin kan náà. Èyí tí kò bàjẹ́ tí mo fẹ́ yọ, kò kúrò nínú ilé mọ́. Ó ń bá àjèjì náà gbé. Mo rò pé swíìṣì yóò dá ẹjọ́ náà fún mi. Ńṣe ló fi yé mi pé méjèèjì ló dáa, pé láàárọ̀ mo ń fẹ́ èyí, lálẹ́ mo ń fẹ́ ìyẹn.

Ohùn tí ọ̀gá ní ó ti ya yìí, inú nǹkan tó bàjẹ́ ló ti wá ní tòótọ́. Orin kan wà tí Marty Robbins gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961, "Don't Worry" lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀ ní Nashville, Grady Martin ló ń ta gìtá béèsì, ibì kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sì ti bàjẹ́, ohùn gìtá náà ha, ó ń kùn. Wọn kò pa á rẹ́. Orin náà jáde bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn olórin mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn náà kiri. Glenn Snoddy, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, wá jókòó láti ṣe àpótí kékeré kan tí yóò lè máa dún bí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ yẹn nígbàkígbà tí èèyàn bá fẹ́. Ilé iṣẹ́ Gibson gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e sọ́jà ní 1962 lórúkọ Maestro Fuzz-Tone. Ní 1965, Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones fi í ta gìtá, gbogbo ayé gbọ́.

Bí ọ̀gá mi bá wà ní Nashville lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti tún ẹ̀rọ yẹn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn ì bá sì jàre. Ohun tó gba ohùn náà là ni pé àwọn mélòó kan jókòó pọ̀ nínú yàrá, wọ́n gbọ́ ọ, ẹnì kan sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo máa ń ro ti ẹni yẹn. Kò sí mítà tó lè sọ ohun tó sọ.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé Nashville ló wá kọ́ wa létí. Ẹni tó gbẹ́ igi ìyáàlù, tó fi awọ bò ó, tó sì fi ọṣán fa ojú méjèèjì títí tí ìlù fi lè pe orúkọ ènìyàn, òun náà ló tún so ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, kí idẹ lè máa ha sára ọ̀rọ̀ tó mọ́ gaara. Onílù bàtá ń lẹ ìda mọ́ ojú ìlù rẹ̀ kí ohùn lè rí bó ṣe fẹ́. Ní ilẹ̀ Málì, àwọn tó ń lu balafon máa ń lu ihò sára akèrègbè abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí alántakùn fi ń bo ẹyin rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, kí igi tó bá dún lè máa kùn. Àwọn wọ̀nyí mọ bí ohùn ṣe ń mọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n tán kí wọ́n tó fi ohun tó ha kún un. Etí tí mo gbé lọ bá pẹ́dà, ìdí irú ìlù bẹ́ẹ̀ ló ti dàgbà.

A tún ń sọ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé òwe yìí ń bá mi wí. Nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé ẹni tó pa á ti gbé ìlù dé ẹ̀bá yíya kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ léwu. Awọ tí kò le dáadáa kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀bá ibi tí yóò ti ya ni adùn rẹ̀ wà. Òwe náà kò sọ fún onílù pé kó dẹ awọ. Ó ní kó mọ ibi tí yóò dúró. Ìbéèrè ọ̀gá náà ṣì nìyẹn: báwo la ó ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán?

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn díẹ̀ ni àárín ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo gbé pẹ́dà náà lọ síbi ìdánrawò, mo yí i sí 104, ohùn tí mo fẹ́ràn jù nílé. A kò tíì kọrin jìnnà tí onígangan wa fi dá ọ̀pá rẹ̀ dúró. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "gìtá yín jókòó lé mi lórí." Mo yí i padà sí 473, ohùn gangan jáde, ti àkúbà náà jáde, gìtá sì ríbi kọjá láàárín wọn. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí Tamura rí. Lójú mi, kì í ṣe àìmọ̀ ló mú un pààlà sí 720. Ó mọ̀ pé onígìtá kì í dá nìkan wà, pé béèsì àti ìlù ní ilé tiwọn nísàlẹ̀, kí gìtá gba òkè lọ. Bí n kò bá fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ni n bá fi mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí onígangan kò wá, tó jẹ́ èmi àti ohùn ènìyàn méjì péré, 104 ló gbé orin náà ró.

Nínú jùjú, irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí, lọ́nà tó tóbi ju ti pẹ́dà lọ. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè fi iná mànàmáná sí gìtá rẹ̀. Ènìyàn lè rò pé gìtá nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá àti ohùn ti lè dún sókè, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù púpọ̀ sí i láti wọlé láìjẹ́ pé wọ́n bo olórin mọ́lẹ̀. Gángan wá di ọmọ ilé nínú orin tó jẹ́ pé ènìyàn díẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1982 tí Sunny Adé gbé "Juju Music" jáde, tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin yọ́ lórí okùn gìtá, kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́ pé ta ló sọ pé kí wọ́n fi iná sí gìtá. Ohun kékeré kan yí, gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì sún láti fàyè gbà á.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà kò yàtọ̀. Mo ti gbọ́ àgbà tó ń ráhùn ní Ìsẹ́yìn pé òwú tó ń dán yìí, shain-shain, ti ba òfì jẹ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ojú tó ti rí sányán mọ ohun tó ń wí. Àmọ́ àlàárì tí a ń tọ́ka sí bí aṣọ àtijọ́, òwú sílíìkì pupa rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti ọ̀nà Tripoli kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa. Ọjọ́ kan wà tí òun náà jẹ́ àjèjì lórí òfì, tí ẹnì kan yọ òwú tí kò bàjẹ́ láti fi tirẹ̀ sí i. Àwọn tó wọ̀ ọ́ lọ sóde, tí wọ́n sì tún padà wá rán òmíràn, ni wọ́n sọ ọ́ di tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ rédíò bàbá mi. Rédíò àwọn ọdún 1960 ni, ó ti dákẹ́ lórí pẹpẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Inú rẹ̀ ni mo ti rí tiransísítọ̀ AC128 méjì, èyí tí wọ́n fi jaméníọ̀mù ṣe kí sílíkọ̀n tó gba ọjà. Irú wọn làwọn aláwọ̀ funfun lò nínú Fuzz Face tó jáde ní London ní 1966, àwọn tó ń ṣe pẹ́dà sì ń wá wọn káàkiri báyìí bí ẹni wá wúrà. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní tiransísítọ̀ méjèèjì ṣì wà láàyè, kapásítọ̀ kan ló gbẹ, pé bí mo bá fẹ́, àwọn á jí rédíò náà. Ọ̀nà méjì wà níwájú mi nìyẹn: kí irin kan náà dá ohùn àtijọ́ padà fún bàbá mi, tàbí kó bí ohùn tuntun fún mi. Mo rò pé ìdáhùn náà hàn gbangba sí ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́.

Síbẹ̀, màámi ni mo lọ bi. Wọ́n gba rédíò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi aṣọ nu ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Bó o bá tún un ṣe, ta ló kù tí yóò ti inú ẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò gba FM. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò wa sì ti kó lọ síbẹ̀. Bí ọ̀gá bá jí i, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni yóò pé, ohùn ẹ̀ nìkan ni kò ní í pé. Gbólóhùn tí wọ́n fi dá pẹ́dà mi lẹ́bi, rédíò bàbá mi náà wọ abẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun nínú rẹ̀ padà. Ayé tó wà níta rẹ̀ ló yí. Láti ìgbà náà ni n kò ti gbà mọ́ pé àtúnṣe nìkan ló ní ẹlẹ́rìí. Àtúnṣe ń gbára lé àwọn tó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́, bí mo ṣe ń gbára lé ẹni tó ń lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí wọ́n bá ti lọ, mítà kò ní í dá wọn padà.

Màámi ní kí n yọ ohun tí mo fẹ́ yọ, kí n dá àpótí rẹ̀ padà sórí pẹpẹ. Mo ti fi AC128 méjèèjì ṣe pẹ́dà. Jaméníọ̀mù kò fẹ́ràn ooru; bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná ni iná á máa jò nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń gùn. Lọ́sàn-án Ẹrẹ̀nà, nígbà tí oòrùn Òkè-Ògùn bá dúró sórí páànù, á fẹ́lẹ́, á máa ha wùùwùù. Mo lè yí resísítọ̀ kan láti bá ooru mu, kí ọyẹ́ sì tún sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ohun tí ọ̀gá rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, tí wọn ò fi gbowó: iṣẹ́ yìí kò ní òpin lára irin. Mo gbà fún wọn. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn ni pé ó ní òpin lára ènìyàn, lára ẹni tó bá ń gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ tó sì lè dá ọ̀pá ìlù rẹ̀ dúró láti bá ọ sọ òótọ́. Mo ti sọ fún onígangan wa pé ìgbà tó bá ní ó tó ni n óò gbé àyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀.